Òjò tí kò mọ ìgbà mọ́, àti ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ tú ká

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kókó ní abúlé kan lẹ́bàá Ìdànrè. Àwa 34 la wà nínú ẹgbẹ́ náà. Lọ́dún tó kọjá, òjò àkọ́rọ̀ pẹ́ kó tó dé. Ìgbà tó sì dé, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Kókó dúdú mọ́ igi lórí. Àwọn 21 nínú wa ló yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kò sì sí ẹni tó rí i san lásìkò. Àwọn kan ti ń sọ pé ká pín ìwọ̀nba owó tó kù, kí kálukú máa lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá bá wa ṣèpàdé sọ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gan-an ni yóò gbà wá lọ́wọ́ àyípadà ojú-ọjọ́. Ṣé òótọ́ ni, sà? Kí ni ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa lè ṣe sí ohun tí àwọn ará òkè òkun dá sílẹ̀?

Ìdáhùn: Màámi akápò, ẹ kú ìrọ́jú o. Kí n tó fèsì, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ ohun kan lọ́wọ́ yín: ẹ má jẹ́ kí wọ́n tíì pín owó yẹn. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí mo kọ yìí sí wọn létí ní ìpàdé.

Mo ti rí ibi tí irú ìpín bẹ́ẹ̀ máa ń já sí. Nígbà tí mo ṣì ń lọ káàkiri láti yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, mo dé abúlé kan tí ẹ̀ẹ̀rùn líle ti ba kókó wọn jẹ́. Wọ́n ti pín owó ẹgbẹ́ kí n tó dé ibẹ̀. Ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó ra oògùn kókó fún ìgbà méjì. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọdún méjì, mẹ́ta nínú wọn ti fi oko dógò fún ẹni tó ń ra kókó lọ́wọ́ wọn. Iye tó bá wu ọkùnrin náà ló ń ra kókó ọ̀hún, torí oko ti wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan níbẹ̀ sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, owó tí a pín kọ́ ló ń dùn mí, ìwé tí a fà ya ni." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní, òun ni mo sì fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú yín.

Òótọ́ wà nínú ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sọ, àmọ́ kò pé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò lè pàṣẹ fún òjò. Èéfín tó ń jáde látinú èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí àwọn ilẹ̀ olówó ti ń sun láti nǹkan bí igba ọdún wá, àti igbó tí wọ́n ń gé run, ló ń mú ayé gbóná, tí ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi ń dàrú. Ilẹ̀ Áfíríkà lódindi, tòun ti bí èrò inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ohun tó ń tú jáde nínú èéfín tí gbogbo ayé ń tú lọ́dọọdún kò tó 4 nínú 100. Síbẹ̀ orí igi kókó yín ni ọ̀rọ̀ náà wá bú sí. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìdájọ́ òdodo lórí ojú-ọjọ́ kò lọ́jú pọ̀ rárá: ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ni kó tún un ṣe, ẹni tí ìyà rẹ̀ sì ń jẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé ẹ̀yin ni kí ẹ fi owó àjẹṣẹ́kù yín tún ohun tí àwọn ẹlòmíràn bàjẹ́ ṣe, ẹ má gbà fún un. Gbèsè yín kọ́ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ̀tọ́ kì í dédé wọlé tọ èèyàn. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹnu ọ̀nà tó máa gbà. Fún àgbẹ̀ tó ní éékà mẹ́ta sí márùn-ún nínú igbó, mi ò tíì rí ẹnu ọ̀nà tó dára ju ẹgbẹ́ tó ní ìwé tó mọ́ lọ.

Àwọn ọmọ wa kì í sábà gbọ́ bí ẹgbẹ́ wọ̀nyí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1907, àwọn olóko ní Agége, tí J. K. Coker jẹ́ aṣíwájú wọn, ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Nígbà tí iye kókó já wálẹ̀ lẹ́yìn 1929, gbèsè mú àwọn àgbẹ̀ kókó lọ́rùn. Àwọn olówó èlé tí àwọn bàbá wa ń pè ní sogúndogójì ló ń yá wọn lówó: gba ogún, kí o dá ogójì padà. Oko ni wọ́n fi ń dógò. Nígbà mìíràn ọmọ ló ń lọ ṣe ìwọ̀fà. Àwọn mìíràn á ta kókó tó ṣì wà lórí igi, kó tó pọ́n rárá, torí oúnjẹ ti tán nílé, ìkórè kò sì tíì dé. Ìjọba amúnisìn wá pe C. F. Strickland, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Íńdíà. Ó kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1934, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì jáde ní 1935. Àwọn àgbẹ̀ kókó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ní 1953 wọ́n ti ní báǹkì tiwọn ní Ìbàdàn.

Ẹ wá wò ó, kí ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún? Oṣù tí nǹkan kò sí ni. Ohun tó wà nínú orúkọ náà gan-an nìyẹn: ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ti sọ ọ́ di ibi tí a ti ń yáwó ìsìnkú, owó ìgbéyàwó, owó iléèwé. Èmi kò bú wọn, àwọn nǹkan wọ̀nyẹn náà kò ṣeé yẹra fún. Àmọ́ bí gbogbo ohun tí a ṣẹ́ kù bá ti jáde lọ tán kí ọjọ́ ibi tó dé, a kò ṣẹ́ nǹkan kan kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tiyín ti le jù lọ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á fún wọn. Ẹgbẹ́ yín mọ bí a ṣe ń gbé ẹnì kan tó ṣubú dìde. Bí àìsàn bá dá Lágbájá dúbúlẹ̀, bí iná bá jó ilé Tàmẹ̀dù, àwọn 33 tó kù á dìde sí i, onígbọ̀wọ́ méjì á sì dúró fún un tó bá fẹ́ yáwó. Láti ọjọ́ àáró àti èésú ni ọgbọ́n yẹn ti wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ojú-ọjọ́ kì í mú ẹnì kan. Òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀ sí oko alága, kò rọ̀ sí ti akọ̀wé pẹ̀lú. Ẹni tó yáwó àti onígbọ̀wọ́ rẹ̀ jọ káwọ́ lérí lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn 21 yín nìyẹn. Wọn kì í ṣe olè, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ètò tí ẹ ń lò ni wọn kò ṣe fún irú ọdún bẹ́ẹ̀, òun ló sì yẹ kí ẹ tún ṣe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gbèsè náà. Kí ìgbìmọ̀ má dá pinnu rẹ̀ o. Ẹ pe ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ sún ọjọ́ ìsan síwájú di ìgbà ìkórè ńlá, láti bí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kìíní, kí ẹ má sì gba èlé lórí èlé. Kí akọ̀wé kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé: òjò pẹ́, kókó dúdú, iye àpò tí a kó lọ́dún tó ṣáájú nìyí, iye tí a kó lọ́dún yìí nìyí. Àwọn tó ti jẹ gbèsè ṣáájú kí òjò tó dàrú, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, kí àwọn tó ń san owó déédéé má bàa rò pé wọ́n yàn wọ́n jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí ìwé yín sí ojú ewé tí wọ́n kọ owó ìpamọ́ sí. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ìjọba àpapọ̀ sọ pé kí ẹgbẹ́ tó bá jèrè máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin èrè náà sọ́tọ̀. Ṣé owó yẹn wà ní tòótọ́, àbí inú ìwé nìkan ló wà, tí wọ́n ti yá a jáde? Inú ìwé nìkan ni mo sábà máa ń bá a. Ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn fún un ní báǹkì, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i, kí ó má sì ṣeé yá fún ìnáwó kankan. Ẹ fún un lórúkọ tí gbogbo èèyàn máa mọ̀. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tó ń pè é ní owó òjò. Kí ẹ sì kọ ohun tó máa mú kí ẹ ṣí i sílẹ̀ nísinsìnyí tí ojú ṣì mọ́ra, torí lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa gbogbo yín, ẹni tó bá lóhùn jù ni yóò máa ṣòfin.

Owó òjò ẹgbẹ́ kan kò lè tó o, bí ọdún bá le gan-an. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi gbé ẹgbẹ́ kalẹ̀ ní ìpele ìpele: ẹgbẹ́ abúlé, ìdàpọ̀ ẹgbẹ́ ní àgbègbè, àti ẹgbẹ́ àgbà ní ìpínlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn tó mú Ìdànrè lè máà mú Ìṣẹ́yìn. Omi tó ya bo oko létí odò lè máà kan àwọn tó wà lórí òkè. Ibi tí òjò kò ti ṣe bákan náà lẹ gbọ́dọ̀ ti wá alájọṣe, kí ìdá díẹ̀ nínú owó òjò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà lókè lọ́dọ̀ ìdàpọ̀. Irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló lè lọ bá àwọn adójútòfò. Oríṣi ìdójútòfò kan wà báyìí tó jẹ́ pé iye òjò tí wọ́n wọ̀n ní àgbègbè ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Tí òjò bá ti dín sí iye tí ẹ jọ fi sí ìwé, wọ́n á sanwó láìwá ka igi lóko yín. Kò sí iléeṣẹ́ tó máa wá sínú igbó nítorí àgbẹ̀ kan tàbí 34. Wọ́n á gbọ́ ti ẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé.

Ní ti kókó tó dúdú: Phytophthora ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ohun tó ń fà á. Ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Omi òjò ló ń ta á láti orí èso kan sí òmíràn, èèrà ń fi iyẹ̀pẹ̀ gbé e gun igi, oríṣi rẹ̀ tó burú jù lọ ní ilẹ̀ wa sì lè fara pamọ́ sínú ilẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá já gbogbo èso dúdú kúrò lóko yín, tí aládùúgbò yín fi tirẹ̀ sílẹ̀ lórí igi, ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ó ti padà dé ọ̀dọ̀ yín. Kò sí àgbẹ̀ tó lè dá àrùn yìí ṣẹ́gun. Ẹ yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ ní ìgbà òjò, kí gbogbo ẹgbẹ́ máa lọ láti oko dé oko bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe àáró: kí ẹ já èso tó dúdú, kí ẹ gé ẹ̀ka tó dí kí atẹ́gùn lè wọlé, kí ẹ má sì kó èèpo kókó jọ sábẹ́ igi. Ẹ ra oògùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan láti ibi tó ṣeé fọkàn tán. Ayédèrú ti pọ̀ jù lọ́jà fún ẹni tó bá ń ra ìgò kan ṣoṣo.

Igi òjìji náà ṣe pàtàkì, ó sì gba ọgbọ́n. Òjìji tó pọ̀ jù ń mú oko tutù, ibẹ̀ ni èso ti ń dúdú. Bí kò bá sì sí òjìji rárá, oòrùn oṣù Kejì á pa àwọn ọ̀dọ́ igi. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa fi ìdígbó àti afàrá sílẹ̀ láàárín kókó, àwa la gé wọn tà fún àwọn oníplánńkì. Kí ẹgbẹ́ dá ilé ọ̀gbìn kan sílẹ̀, kí ẹ tún wọn gbìn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kókó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, ní Ìbàdàn, láti 1964, gbé oríṣi kókó tuntun mẹ́jọ jáde ní 2010, tí wọ́n ń pè ní TC1 sí TC8. Wọ́n ń tètè so, wọ́n sì ń so dáadáa. Lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lórí ni kí ẹ fi béèrè. Ó máa ń tètè rí ìdáhùn ju kí ẹnì kan lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn lọ.

Wàyí o, ẹ̀tọ́ tó ń bọ̀ láti ìta. Ní 2022, ní ìpàdé àgbáyé lórí ojú-ọjọ́ tó wáyé ní Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì, àwọn orílẹ̀-èdè gbà láti dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí àyípadà ojú-ọjọ́ ti pa lára. Ó bẹ̀rẹ̀ ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Dubai ní ìparí 2023. Nǹkan bí 700 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ ṣèlérí. Ní 2022 yẹn kan náà, ẹ̀kún omi ní Nàìjíríà nìkan pa èèyàn tó lé ní 600, ó sì lé ẹni tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Owó yẹn kò tó rárá, ìtìjú ni fún àwọn tó lówó lọ́wọ́. A gbọ́dọ̀ máa pariwo kó lè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ pọ̀ tó bí a ṣe fẹ́, báwo ló ṣe máa rin ìrìn láti Dubai dé abúlé yín? Wọ́n á béèrè pé: ta ló pàdánù, kí ló pàdánù, ní ọdún wo, báwo ni a ṣe mọ̀? Ìwé ìpàdé tí mo ní kí akọ̀wé kọ lókè yẹn ni ìdáhùn. Ohun tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní kò ṣẹlẹ̀.

Àjọ ilẹ̀ Yúróòpù náà ṣe òfin kan ní 2023. Kókó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà wọn mọ́, ẹni tó bá sì ń kó kókó wọlé gbọ́dọ̀ fi oko tó ti wá hàn lórí máàpù. Wọ́n ti sún ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ àwọn tó ń ra kókó ti ń rán èèyàn wọ oko láti fi fóònù ya máàpù. Ẹ ṣọ́ra níbi yìí gan-an. Bí oníṣòwò bá ya máàpù oko yín tó sì mú un lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan lẹ ti lè ta kókó, bí oko dógò ayé àtijọ́ náà ni. Kí ẹgbẹ́ ya máàpù tiyín fúnra yín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín tó mọ fóònù lò lè kọ́ ọ láàárín ọjọ́ méjì. Kí ẹ̀dà wà lọ́wọ́ yín, kí ẹni tó bá fẹ́ rà wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín, kí iye tí wọ́n máa ra kókó yín sì fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni máàpù náà.

Àwọn ará Gánà ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní 1993, àwọn àgbẹ̀ kan dá Kuapa Kokoo sílẹ̀ láti máa wọn kókó wọn fúnra wọn, torí òṣùwọ̀n àwọn tó ń rà á ń jẹ wọ́n níyà. Ní 1998, wọ́n ti ní ìpín nínú iléeṣẹ́ ṣokoléètì kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Lábẹ́ Fairtrade, ètò òwò tó ń rí i pé àgbẹ̀ rí owó tó yẹ gbà lórí ohun tó tà, láti 2019, 240 dọ́là ni wọ́n ń san kún owó tọ́ọ̀nù kókó kan, owó náà sì jẹ́ ti ẹgbẹ́, ìpàdé àwọn àgbẹ̀ ló ń sọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Kànga àti iléèwé wà lára rẹ̀. Orí òṣùwọ̀n àti ìwé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ṣokoléètì dé lẹ́yìn.

Màámi, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan tó le díẹ̀. Nínú orúkọ 34 yẹn, mélòó ni obìnrin? Mélòó ni ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, tí ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀? Mo béèrè torí mo ti rí ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé orúkọ baálé nìkan ló wà nínú ìwé, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń fọ́ kókó, tó ń sá a, tó ń rù ú wá sí òṣùwọ̀n. Nígbà tí ìrànwọ́ dé lẹ́yìn ẹ̀kún omi, ẹni tó ni ilẹ̀ ni wọ́n fún, ẹni tó pàdánù iṣẹ́ ọdún kan kò rí kọ́bọ̀. Bí a bá ń bínú pé àwọn ilẹ̀ olówó kò ka àwa sí, a kò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ síra wa nínú abúlé. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó àti ayálégbé oko di ọmọ ẹgbẹ́ lórúkọ ara wọn.

Àwọn kan yóò tún wá pẹ̀lú ìwé pé àwọn fẹ́ sanwó èéfín tí igi yín ń fà mọ́ra. Àwọn mìíràn yóò ní kí ẹ dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ kíákíá torí owó ìjọba ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí owó ìjọba kì í pẹ́ ju owó náà lọ, mo ti sin púpọ̀ nínú wọn. Ní ti ìwé èéfín, ẹ má fọwọ́ sí ohun tó so oko yín mọ́lẹ̀ fún ogún ọdún láìjẹ́ pé agbẹjọ́rò kan kà á fún yín ní Yorùbá, ní ojú gbogbo ẹgbẹ́.

Ohun tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la kò náni lówó. Ẹ wá agolo kan tí ẹnu rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba. Ẹ gbé e sórí òpó kúkurú kan ní gbangba, níbi tí igi tàbí òrùlé kò bò. Láràárọ̀, ní aago méje, kí ẹnì kan ki rúlà bọ̀ ọ́, kó ka iye mìlímítà omi tó wà nínú rẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́, kó sì da omi náà nù. Lọ́jọ́ tí òjò kò bá rọ̀, kó kọ òdo. Ẹ ní kí akọ̀wé máa fi òǹtẹ̀ lu ojú ewé náà ní ìparí oṣù. Inú ìwé yẹn lẹ ti máa mú iye òjò tó máa ṣí owó òjò sílẹ̀. Òun náà lẹ máa gbé síwájú adójútòfò, àti síwájú ẹnikẹ́ni tó bá wí pé òun fẹ́ mọ ohun tí ojú yín rí. Tí ẹ bá ti kọ oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tán, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ wò ó.